"Explode", "detonate", "blow up": èwo ló tọ̀nà? Ẹ bá wa dá sí i

#1 Atúmọ̀_Ìròyìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń túmọ̀ ìròyìn ogun kan láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì dá èmi àti ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà dúró láti àárọ̀. Ohun tí wọ́n kọ níbẹ̀ nìyí: "Àwọn ọmọ ogun fi àdó olóró fọ́ afárá náà kí àwọn ọ̀tá má baà rí ọ̀nà kọjá."

Ẹnì kejì mi ní ká kọ "The soldiers exploded the bridge". Nígbà tí mo kọ̀, ó ní ká fi "detonated" rọ́pò rẹ̀. Èmi ní "blew up" ni. Ó ní "blew up" ti jọ ọ̀rọ̀ ẹnu jù, pé kò yẹ ìròyìn. Ẹlòmíì tó ń kọjá lọ tún dá "bombed" sí i, ọ̀rọ̀ wá dàrú pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ká mú? Ẹ tún bá mi sọ bóyá "explode" tiẹ̀ ń gba àbọ̀ rárá.

#2 Adáhùn_Kíá

"Blew up." Ó parí.

#3 Olùkọ́_Gírámà

Adáhùn_Kíá sọ òótọ́, àmọ́ ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ìdí.

Ohun tó ń bú gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé ó "explode" ni ohun tí agbára ìbúgbàmù wà nínú òun fúnra rẹ̀: àdó olóró, sìlíńdà gáàsì, ọkọ̀ agbépo. Kí ló wà nínú afárá tó lè bú? Irin àti kọnkéré ni. Tí ẹ bá kọ "The bridge exploded", ẹni tó ń kà á á máa rò ó pé ta ló kó ẹ̀tù sínú afárá. "Detonate" tún wá há ju ìyẹn lọ. Ohun abúgbàmù nìkan ló lè jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: "They detonated the charges", "They detonated a car bomb". Wọn kì í "detonate" afárá, wọn kì í "detonate" ilé.

"Blow up" ní tirẹ̀ ń lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún. Ohun tó bú lè jẹ́ olùwà rẹ̀, "The fuel truck blew up", ohun tí ìbúgbàmù bà jẹ́ sì lè jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, "They blew up the bridge". Òun ló bá gbólóhùn yín mu. Kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú rẹ̀ níbi tí ẹ ti fẹ́ lò ó yìí. Àwọn òpìtàn ogun ń kọ ọ́, àwọn ológun fúnra wọn ń kọ ọ́. Tí ọ̀gá yín bá ṣì ń fajú ro, ẹ kọ "destroyed the bridge with explosives", ohun kan náà ni, ó kàn gùn díẹ̀.

"Bombed" kì í ṣe ọ̀rọ̀ yìí rárá. "They bombed the bridge" ń sọ pé wọ́n ju bọ́ǹbù lù ú, látinú ọkọ̀ òfuurufú lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sọ pé afárá wó. Wọ́n lè "bomb" afárá kan títí ilẹ̀ á fi ṣú kó ṣì wà ní ìdúró. Àmọ́ tí wọ́n bá ní wọ́n ti "blow up" rẹ̀, ẹ wá ọ̀nà míì gbà.

Ní ti ìbéèrè kejì: bẹ́ẹ̀ ni, "explode" ń gba àbọ̀. "The engineers exploded the mine" tọ̀nà, ó wà nínú díkíṣọ́nárì. Ohun abúgbàmù ṣáá ni àbọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Lóde òní, "detonated" tàbí "set off" ni ọ̀pọ̀ èèyàn á fi síbẹ̀.

Ohun kan tí mo ń rí lójoojúmọ́ nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: "blew up it". Rárá o. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni, àárín ló ń wà: "blew it up", "blew them up". Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni, ó lè wà ní àárín tàbí lẹ́yìn, "blew the bridge up", "blew up the bridge".

#4 Yàrá_Àyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ka kẹ́mísírì fi tèmi kún un, torí "detonate" ní ìtumọ̀ tó há gan-an lọ́dọ̀ tiwa.

Ohun abúgbàmù lè ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Ó lè máa jó láti ibì kan dé ibì kejì nínú ara rẹ̀, kí iná náà máa sáré àmọ́ kó má yá tó ìró. A ń pe ìyẹn ní "deflagrate". Tàbí kí ìgbì agbára kan máa gba inú rẹ̀ kọjá, kó yá ju bí ìró ṣe ń rìn nínú ohun náà lọ, kó máa fọ́ ọ bó ṣe ń lọ. Èyí nìkan ni "detonate" lẹ́nu wa. Ìró ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì tó ń gba inú TNT, ohun abúgbàmù kan, kọjá ń sáré tó nǹkan bíi 6,900 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹ wo bó ṣe jìn síra.

Nítorí náà, ẹ̀tù dúdú tí wọ́n ń rọ sínú ìbọn ìgbàanì kì í "detonate". Jíjó ló ń jó. Tí ẹ bá dà á sílẹ̀ gbalasa kẹ́ ẹ ṣáná sí i, á ṣe fùú, á rú èéfín, ó tán. Inú ohun tí wọ́n há a mọ́ ni ariwo ti ń wá: gáàsì á pọ̀ nínú rẹ̀ títí ara ohun náà ò fi ní gbà á mọ́. "The barrel of gunpowder exploded" tọ̀nà. "Detonated" níbẹ̀ máa ń ta mí létí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló sì bí iṣẹ́ Alfred Nobel, ará Sweden tó ṣe ohun abúgbàmù tí wọ́n ń pè ní dynamite. Ascanio Sobrero, ará Ítálì, ló kọ́kọ́ po nitroglycerin ní 1847, nǹkan olómi tí kò ṣeé finú tán. Ìbúgbàmù rẹ̀ pa Emil, àbúrò Nobel, ní Stockholm ní 1864. Ohun tí Nobel ṣe ni pé ó wá èròjà kékeré kan tí yóò fún nitroglycerin náà ní ìgbì agbára lójijì, torí iná lásán kò ṣeé gbọ́kàn lé. Èròjà kékeré yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "detonator" títí dòní. Nígbà tó di 1867, ó gba ìwé àṣẹ dynamite. Torí náà tí ẹ bá rí "detonator", ẹ mọ̀ pé ohun tó ń jí èkejì ni, òun kọ́ ni ẹrù gan-an.

#5 Ọ̀rọ̀_Kì_Í_Tán

Ẹ̀gbọ́n Yàrá_Àyẹ̀wò, ẹ kú ìmọ̀. Àmọ́ ṣé gbogbo akọ̀ròyìn ló máa gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n-eré dání kó tó kọ ìròyìn? Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo èèyàn ń sọ, "detonate" kò ju "mú kó bú" lọ. Díkíṣọ́nárì tó wà níwájú mi ò mẹ́nu ba ìró, ò mẹ́nu ba TNT.

#6 Yàrá_Àyẹ̀wò

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa wọn eré, àbúrò. Ohun tí mò ń sọ ni pé tó o bá ń kọ nípa ẹ̀tù tàbí èéfín epo, "exploded" á gbé ọ débi tó o ń lọ, kò sì sẹ́ni tó máa bá ọ jà. Tó o bá kọ "detonated", ó ti sọ ju ohun tó o mọ̀ lọ.

Wo ti Beirut, olú ìlú Lẹ́bánónì, ní August 4, 2020. Iná ló kọ́kọ́ sọ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté. Ammonium nitrate, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tó tó 2,750 tọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn náà ló wá bú, ó sì pa èèyàn tó lé ní 200. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ló wà nínú ìtàn yẹn, wọn ò sì jọra: "A fire broke out", "the ammonium nitrate detonated", "the blast flattened the port". Tó o bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sí "exploded", ìtàn náà ti pàdánù bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn.

#7 Ọ̀rọ̀_Kì_Í_Tán

Èyí yé mi. Ti ìtẹ̀léra yẹn dáa.

#8 Ìdí_Ọ̀rọ̀

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń wo ìdí: "detonate" wá látinú Látìn, ó sì jẹ mọ́ sísán ààrá. Èyí ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. "Explode" ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nínú Látìn, ohun tó túmọ̀ sí ni kí àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ kí wọ́n sì pariwo lé òṣèré burúkú kúrò lórí ìtàgé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, "an exploded opinion" ni èrò tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Bíbú tó ń dún gbàù, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló gbilẹ̀.

Ìyókù èdè àtijọ́ yẹn ṣì wà nínú "explode a myth", kéèyàn fi hàn pé ìtàn kan tí gbogbo ayé gbà gbọ́ irọ́ ni. Ẹ má ṣe fi "detonate" tàbí "blow up" síbẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó ń "detonate a myth", àyàfi ẹni tó ń wá bí àwọn èèyàn ṣe máa wo òun.

#9 Adáhùn_Kíá

Ká tún tẹ̀ ẹ́ wò: "implode" ńkọ́? Mo rí i tí wọ́n fi ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ abẹ́ omi yẹn, mo tún rí i nípa ilé tí wọ́n wó.

#10 Olùkọ́_Gírámà

Òdìkejì ni. Ohun tó "explode" ń tú síta, ohun tó "implode" ń wó sínú ara rẹ̀ torí pé agbára tó wà níta ju ti inú lọ.

Ọkọ̀ abẹ́ omi tí ẹ sọ yẹn, Titan, ni àpẹẹrẹ tó dáa jù. Ní June 18, 2023, ó ń gbé èèyàn márùn-ún lọ wo àwókù Titanic, tó wà ní nǹkan bíi 3,800 mítà lábẹ́ òkun. Nírú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi ń fún ọkọ̀ mọ́ra láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ní ìlọ́po bíi 380 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ara ọkọ̀ ò gbà á, ó fún pọ̀. Nígbà tí wọ́n rí àfọ́kù rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà lò ni "catastrophic implosion". Ẹni tó bá kọ "The Titan exploded" ti yí ìtàn náà po, torí kò sí ohun tó bú nínú rẹ̀.

Ti ilé wá yàtọ̀. Àwọn tó ń wó ilé ńlá ń sọ pé àwọn "implode" rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní àbọ̀: "They imploded the Kingdome", pápá ìṣeré ńlá kan ní Seattle tí wọ́n wó ní March 26, 2000. Ká sòótọ́, kò sí agbára kankan níta tó fún pápá yẹn pọ̀. Wọ́n di ohun abúgbàmù mọ́ àwọn òpó rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra, ilé náà sì fi wíwúwo ara rẹ̀ ṣubú sínú. Àṣà iṣẹ́ wọn ni, ó sì ti wọ èdè. Mo máa ń gbà á wọlé.

#11 Yàrá_Àyẹ̀wò

Èmi kì í gbà á wọlé, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò ní aṣálẹ̀ New Mexico ní July 16, 1945, èyí tí wọ́n ń pè ní Trinity. Wọ́n fi ohun abúgbàmù yí bọ́ọ̀lù plutonium ká. Ohun abúgbàmù náà "detonated", plutonium fún pọ̀ sínú, ìyẹn "implosion", lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ "exploded". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú tí ẹ ò lè kà. Irú bọ́ǹbù kan náà ni wọ́n jù sí Nagasaki ní August 9 ọdún yẹn.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó ń tẹ̀ lé e. Ní Hiroshima, nǹkan bíi 600 mítà sókè ni bọ́ǹbù ti bú, kò dé ilẹ̀. "Dropped on Hiroshima", bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ "detonated over Hiroshima". Èyí kì í ṣe àṣejù, torí pé ó bú lókè ló ṣe ba ibi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́.

#12 Ẹlẹ́rìn-ín_Ẹ̀yẹ

Ẹ ti gbàgbé èyí tó dáa jù. Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Starship fọ́ yángá lójú ọ̀run ní April 20, 2023, ilé iṣẹ́ SpaceX ò kọ "exploded". Ohun tí wọ́n kọ ni "rapid unscheduled disassembly". Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ó tú palẹ̀ kíákíá láìjẹ́ pé a fètò sí i. Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé sùpánà ni wọ́n fi tú u.

#13 Atúmọ̀_Ìròyìn

😂😂 Ẹ ṣeun gan-an. "Blew up" la fi sí i, ó ti wọlé, ẹnì kejì mi sì ti gbà.

Gbólóhùn míì ti dé. "Ìbọn dún níbi àríyànjiyàn náà, ọkùnrin kan sì kú." Mo kọ "A gun went off during the argument and a man died." Ṣé "go off" dára níbẹ̀? Ṣé "exploded" ni?

#14 Olùkọ́_Gírámà

Ìbọn kì í "explode" tí wọ́n bá yìn ín, àyàfi tí ìbọn fúnra rẹ̀ bá fọ́ mọ́ ẹni tó mú un lọ́wọ́. "Go off" tọ̀nà ní gírámà. Kò ń gba àbọ̀: "The bomb went off", kì í ṣe "They went off the bomb". Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe é á lo "set off".

Ẹ ṣọ́ "go off" o, torí ó ní orí púpọ̀. Tí "alarm" bá "went off", ó ń dún ni. Tí iná mànàmáná bá "went off", ó kú ni. Tí wàrà bá "went off", ó ti bàjẹ́.

#15 Ìyá_Oníròyìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má sáré kúrò lórí gbólóhùn yẹn. Gírámà ti gbè é, àmọ́ iṣẹ́ ìròyìn ò tíì gbè é.

Mo ti pẹ́ nídìí àtúnṣe ìròyìn, èyí sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo máa ń dá padà jù lọ. "A gun went off." Ta ló mú un dání? Ta ló tẹ̀ ẹ́? Gbólóhùn yẹn sọ ìbọn di ẹni tó dá pinnu. Tí ẹni tó yìn ín bá jẹ́ mímọ̀, tí ẹ̀rí sì wà, ẹ kọ ọ́: "He fired", "He shot the man". Tó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀, tàbí pé ìbọn já bọ́ tó sì dún lóòótọ́, ìgbà yẹn ni "went off" ń ṣiṣẹ́ òdodo. Nínú Yorùbá náà, "ìbọn dún" àti "ó yìnbọn" kì í ṣe ohun kan náà, olùtúmọ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìròyìn pé èwo ló ní lọ́kàn.

Bákan náà ni ti ìbúgbàmù. Bó bá jẹ́ pé ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, tí ẹnì kan ò mọ ohun tó fà á, "exploded" ni kẹ́ ẹ dúró lé. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. "Was detonated" ti sọ pé ọwọ́ kan wà níbẹ̀. "Was blown up" náà ti sọ pé ọwọ́ kan wà níbẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ dárúkọ. Mo ti rí àkòrí ìròyìn tí wọ́n ti kọ "Factory blown up" kí àwọn panápaná tó pa iná, tó sì wá já sí pé gáàsì tó jò ló fà á. Ta ló máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí aráàlú ti ń fura sí?

Ẹ wo méjì yìí tí wọ́n jọra bí ìbejì: "A car exploded outside the court" àti "A car bomb exploded outside the court". Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Èkíní lè jẹ́ táǹkì epo. Èkejì jẹ́ ìpànìyàn. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú mú yín fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

#16 Atúmọ̀_Ìròyìn

Ẹ ṣeun, mà. Mo ti pe ẹni tó kọ ìròyìn. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ò tíì sọ ẹni tó yìn ín. Nítorí náà "went off" ṣì dúró, mo wá fi "police have not said who fired it" tì í lẹ́yìn.

#17 Ìyá_Oníròyìn

Ìyẹn gbà.

#18 Omi_Tútù

Ẹ bá mi sọ ti "burst" náà. Mo ń rí "bursted" káàkiri.

#19 Olùkọ́_Gírámà

"Burst, burst, burst." Kò yí padà. "The pipe burst yesterday."

"Burst" ni ohun tó kún jù tí ara rẹ̀ wá já: páìpù, táyà, bàlọ́ọ̀nù, ìsédò. Kò pọn dandan kí iná tàbí kẹ́míkà kankan wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ pọn dandan kó dún. Páìpù omi kì í "explode", ó ń "burst". Ṣùgbọ́n "boiler", ẹ̀rọ tó ń se omi, lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tí ara rẹ̀ bá kàn la tí omi ń dà, "burst". Tí ooru tó há sínú bá fọ́ ọ, tó sì gbé ògiri lọ, "exploded".

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú ni èyí: "burst into" ń gba ọ̀rọ̀-orúkọ, "burst out" ń gba ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní "-ing". "She burst into tears." "She burst out crying." Wọn kì í sọ "burst into crying", wọn kì í sọ "burst out tears".

#20 Ìdí_Ọ̀rọ̀

"Burst into flames" náà wúlò fún àwọn olùtúmọ̀, torí ọ̀pọ̀ ohun tí àwa ń pè ní ìbúgbàmù, iná ni. Hindenburg, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì tí wọ́n fi gáàsì háídírójìn kún, ń balẹ̀ ní Lakehurst, New Jersey, ní May 6, 1937, nígbà tí iná ràn mọ́ ọn. Ẹni tó bá wo fọ́nrán rẹ̀ á rí i pé láti ìrù ló ti ń jó bọ̀ wá síwájú, tó ń rọra wọlẹ̀. Èèyàn 36 kú, ọ̀kan nínú wọn wà lórí ilẹ̀, àmọ́ 62 nínú àwọn 97 tó wà nínú ọkọ̀ náà yè é. Ká ní ó "detonate" ní ìtumọ̀ tí Yàrá_Àyẹ̀wò ń sọ yìí ni, mi ò rò pé ẹni tó máa yè á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Burst into flames" ló bá a mu.

Ti Challenger, ọkọ̀ tí àwọn Amẹ́ríkà fi ń lọ sójú ọ̀run, náà rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. January 28, 1986, ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú. Gbogbo ayé ń kọ "exploded", torí ohun tí ojú rí nìyẹn, bọ́ọ̀lù iná ńlá. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé táǹkì epo fọ́, afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń sáré là kọjá sì fa ọkọ̀ ya. Àwọn òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ ń kọ "broke apart".

#21 Adáhùn_Kíá

"Erupt"?

#22 Ìdí_Ọ̀rọ̀

Òkè ayọnáyèéfín, ìjà, ariwo, ẹ̀rín. Kì í ṣe bọ́ǹbù. Ohun tó ti wà lábẹ́ tó ń ru gùdù tó wá tú jáde ló ń "erupt": "Violence erupted", "The crowd erupted in cheers". Òkè ayọnáyèéfín lè "erupt" wọ́ọ́rọ́wọ́, kí òkúta yíyọ́ máa ṣàn jáde fún oṣù púpọ̀, ó sì lè "explode". Krakatoa ṣe èyí ní August 27, 1883, àwọn tó wà ní erékùṣù Rodrigues, nǹkan bíi 4,800 kìlómítà síbẹ̀, gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ lè kọ "Krakatoa exploded", kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

#23 Ẹlẹ́rìn-ín_Ẹ̀yẹ

"Blow up" ló ń dá mi lára yá jù. "He blew up the balloon": ó fẹ́ ẹ, ó wú. "He blew up the car": ẹ sá! "He blew up the photo": ó sọ fọ́tò di ńlá. "He blew up at his wife": ó gbaná jẹ mọ́ ìyàwó rẹ̀. "His video blew up": gbogbo ayé ń wò ó. Tí ẹ bá rí ẹnì kan tó fi ẹ̀rọ atúmọ̀-èdè túmọ̀ "The children blew up fifty balloons" sí pé àwọn ọmọdé fi bọ́ǹbù fọ́ bàlọ́ọ̀nù àádọ́ta, ẹ ṣàánú rẹ̀.

#24 Omi_Tútù

Tí mo bá wá fẹ́ sọ pé bàlọ́ọ̀nù fọ́?

#25 Ẹlẹ́rìn-ín_Ẹ̀yẹ

"Burst" tàbí "popped".

#26 Ìyá_Oníròyìn

Kí n tó lọ sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí: "defuse", kì í ṣe "diffuse". "Defuse" ni kéèyàn yọ ohun tó ń mú bọ́ǹbù bú kúrò nínú rẹ̀. "Diffuse" ni kí nǹkan tàn káàkiri, bí òórùn ṣe ń tàn nínú yàrá. "Police diffused the bomb" túmọ̀ sí pé àwọn ọlọ́pàá fọ́n bọ́ǹbù ká. Ní September 2017, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 60,000 kúrò nílé ní Frankfurt, ní Jámánì, nítorí bọ́ǹbù àwọn ará Britain kan tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n "defused" rẹ̀, gbogbo wọn padà sílé. Ẹ ro bí ìròyìn yẹn ì bá ṣe rí pẹ̀lú "diffused".

Irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ tí kò tíì bú, "unexploded bomb" lorúkọ rẹ̀. "Undetonated" ò wọ́pọ̀. Tí wọn ò bá lè yọ nǹkan inú rẹ̀, tí wọ́n wá mú un bú níbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára, "controlled explosion" nìyẹn, "carried out" sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá a rìn: "They carried out a controlled explosion."

#27 Mẹkáníìkì_Àgbà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ gírámà, ìwé ẹ̀rọ ni mò ń kà. Mo rí "exploded view of the gearbox" nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ kan wá. Ṣé jíà yẹn ti bú rí ni? Ẹ̀rù ń bà mí láti fi sínú ọkọ̀ oníbàárà.

#28 Olùkọ́_Gírámà

Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Kò sí ohun tó bú. Àwòrán tí wọ́n ti ya gbogbo ẹ̀yà jíà náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí wọ́n tò wọ́n ní àlàfo síra wọn kẹ́ ẹ lè rí bí ọ̀kan ṣe ń wọ inú èkejì. Ẹ fi tò ó.

#29 Mẹkáníìkì_Àgbà

Ẹ ṣé. Mo ti ń wá owó rẹ̀ gbà padà.